Òdo Ni Omi Rẹ Gbà

Ilé Bàbá Ọládélé,
Ẹ̀yìn Ilé Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
Ọ̀tọ̀-Àwórì.

Tófúnmi ọmọ mi ọ̀wọ́n, Àyọ̀ká mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé Yábàá kò gbóná jù, ṣé obìnrin onílé rẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò yẹn? Bí o bá bèèrè wa, a wà, a ń mí, a ń jẹun, orúnkún mi òsì nìkan ló ń ṣe bí ẹni pé kì í ṣe èmi ni mo ni ín. Mo ti gbàdúrà fún ọ láàárọ̀ yìí kí n tó mú bírò. Mo ní kí Olúwa àwọn ọmọ-ogun ṣíwájú rẹ, kó tún tẹ̀lé ọ lẹ́yìn, kó má jẹ́ kí ọ̀kadà gbá ọ, kó má sì jẹ́ kí àwọn tó ń já fóònù gbà rí tìrẹ. Ṣe àmín kí o tó máa kà á lọ.

Bóyá o ti ń sọ nínú ara rẹ pé kí ló dé tí bàbá mi fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù kì í jẹ́ kí èèyàn sọ̀rọ̀ tán. Bí mo bá ti ń sún mọ́ ibi tó dùn, obìnrin kan á dá sí i, á ní owó mi ti tán. Mo ti sọ fún obìnrin yẹn lọ́pọ̀ ìgbà pé kó ní sùúrù, èmi àti ọmọ mi là ń sọ̀rọ̀, kò gbọ́. Ìdí mìíràn tún wà, o máa dé ibẹ̀ níwájú. Sherifat tó ń ṣe Pí-Ó-Ẹ́ẹ̀sì ní ìkóríta wa ni mo fi lẹ́tà yìí rán, ó ń bọ̀ wá ra ọjà ní Yábàá. Ọmọ dáadáa ni, ẹ̀rọ rẹ̀ nìkan ni n kò tíì mọ ìwà rẹ̀, nítorí gbogbo ìgbà tí o bá fi owó ránṣẹ́ ni ẹ̀rọ kékeré yẹn máa ń gba káàdì mi, á wò ó, á ronú sí i, kó tó gbà kí Sherifat fún mi lówó. Mo ti ń kí i báyìí kí n tó fún un ní káàdì, mo sì rí i pé ó ti ń yára díẹ̀.

Gbogbo ilé ń kí ọ. Òjò tó rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá wó apá kan ògiri ẹ̀yìn kùlé, ewúrẹ́ Ìyá Àdúrà Comfort sì ti sọ ibẹ̀ di ọ̀nà. Sùnmọ́nù aládùúgbò wa, ẹni tó ń lu ara mọ́tò, ṣì ń lù ú láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹnu rẹ̀ kò sì sinmi bí òòlù rẹ̀ kò ṣe sinmi. Ọ̀rọ̀ àpótí gíláàsì rẹ ló kù, òun gan-an ni mo torí ẹ̀ jókòó.

O rántí ọjọ́ tí o gbé e wá. O ní obìnrin onílé rẹ kò fẹ́ kí o kó omi sí yàrá, pé Dókítà Ayọ̀wálé tó ní ilé ìtọ́jú eyín ní Ìyànà Ìbà ló fẹ́ ẹ, kí àwọn ọmọdé tó bá wá yọ eyín lè máa wo ẹja kí wọ́n sì gbàgbé ẹkún, pé kó kọ́kọ́ jókòó lọ́dọ̀ mi títí omi rẹ̀ yóò fi tó ẹja gbé. O da iyọ̀ inú báàgì sí omi. Mo ní kí ló dé tí à ń fowó ra omi òkun nígbà tí òkun wà lọ́nà Badagry tí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, o kàn rẹ́rìn-ín. O wá ń kó òkúta jáde láti inú páálí, wọ́n tutù, wọ́n ń rùn bí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ apẹja, o ní òkúta ààyè ni wọ́n. Mo wò ọ́ lójú, mo rí i pé o ò ṣeré. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ sùtánà ni mo ti ń ka òkúta ààyè nínú Bíbélì, n kò mọ̀ pé wọ́n ń tà á, n kò sì mọ̀ pé ọmọ tí mo bí ni yóò gbé e wọ ilé mi.

Kí o tó lọ ni o wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò kúrò lọ́kàn mi. O ní bí èyí bá kú, wàá gba iṣẹ́ báńkì tí Àkàndé àbúrò mi wá fún ọ, wàá sì fi ọ̀rọ̀ òkun inú gíláàsì sílẹ̀. Àkàndé ní kí o fún òun lésì kí oṣù tó parí. Kì í ṣe pé mo kórìíra báńkì, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, àga ibẹ̀ ń yí, kò sì sí bàbá tí kò ní fẹ́ kí ọmọ òun jókòó sórí àga tó ń yí. Ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ nígbà tí o ń to àwọn òkúta yẹn léra. O ń gbé wọn bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun, o ń yí ọ̀kan padà, o ń wò ó, o ń yí i padà lẹ́ẹ̀kan sí i, ojú rẹ sì dà bí ìgbà tí o wà ní kékeré. Mo sọ ọ́ nínú ara mi pé kò ní kú lójú mi.

Nítorí náà ni mo ṣe fi òfin lélẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọ yàrá náà, bí a ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, nítorí ilẹ̀ tí òkúta ààyè bá wà kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ni mo ń wọlé kí wọn, mo ń bi wọ́n bí wọ́n ṣe sùn. Lọ́jọ́ kan, kòkòrò gígùn onírun kan yọ orí láti inú ihò òkúta, ó wò mí, ó padà wọlé, mo mọ̀ pé ìdáhùn mi nìyẹn. Bí omi bá fà sílẹ̀ kúrò níbi ìlà tí o fi bírò fà, omi tí kò níyọ̀ ni mo ń bù kún un, bí o ṣe wí. Bí NẸPA bá mú iná lọ, tí epo jẹnẹrétọ̀ kò sí, tí ẹ̀rọ tó ń yí omi dákẹ́, mo ń fi ife bu omi náà, mo ń dà á padà, apá mi ń ro mí, mo ń kọrin sí i. Sùnmọ́nù wá nàró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní àwọn ọmọ ẹlòmíì ń ra ilẹ̀, ọmọ tèmi ń ra òkúta. Mo ní kó bọ́ bàtà rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ edé yẹn nìkan ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. O ní kí n ju edé tútù kan sínú omi kí n sì jẹ́ kó jẹrà síbẹ̀. Mo rò pé ó rẹ̀ ọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́, ta ló mọ ohun tí òkúta ń jẹ? Mo jù ú sí i. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ilé rùn, omi rú, Ìyá Àdúrà Comfort sì rán ọmọ wá bèèrè bóyá nǹkan kú sí àjà mi. Mo ní kò sí ohun tó kú, ohun tó wà láàyè ló ń jẹun.

Ìgbà náà ni ìdánwò bẹ̀rẹ̀. O fi ìgò kéékèèké àti oògùn ẹlẹ́kán-ẹlẹ́kán sílẹ̀, pẹ̀lú káàdì aláwọ̀ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, o ní kí n bu omi, kí n kán oògùn sí i, kí n fi àwọ̀ rẹ̀ wé ti káàdì, kí n yà á ránṣẹ́ sí ọ. Ìdánwò méjì ni, èmi pe ọ̀kan ní pépà kìíní, mo pe èkejì ní pépà kejì. Ṣé o kúkú mọ̀ pé èmi ni mo lu agogo ilé ìwé yìí títí mo fi fẹ̀yìn tì, èmi ni mo ń dúró lẹ́yìn ọ̀gá pátápátá bí wọ́n bá ń ka èsì lọ́jọ́ ìparí táàmù. Mo mọ máàkì. Bí máàkì bá ga, òbí á gbé ọmọ rẹ̀ sọ́rùn gba iwájú ilé. Bí ó bá jẹ́ òdo, á fà á lọ́wọ́ gba ẹ̀yìn.

Omi rẹ kò fi àkókò ṣòfò. Pépà kìíní bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń gòkè, ó ń gòkè, àwọ̀ ewé rẹ̀ ń dúdú sí i, títí ó fi kan mẹ́jọ, mẹ́jọ yìí ló sì gbẹ̀yìn lórí káàdì, kò tún sí ibi tí èèyàn fẹ́ gbà kọjá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí o fi rí i pé mo gbé ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi nínú gbogbo fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ kí a jọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ayọ̀. O dá mi lóhùn pé ó ń ṣiṣẹ́, kí n má fọwọ́ kàn án. Mo sọ fún gbogbo ọ̀nà láti Ọ̀tọ̀ dé Igbó-Elérin. Ní ọjọ́ Ìsinmi mo wọ sùtánà mi tó funfun jù, mo lọ síwájú ìjọ, mo ní kí wọ́n bá mi dúpẹ́ pé omi ọmọ mi gba mẹ́jọ nínú mẹ́jọ, wọ́n sì lu agogo fún un. Ìyá Àdúrà Comfort tẹ̀ lé mi délé, ó ní kí n bu ife kan fún òun níbẹ̀ kí òun fi wẹ̀. Mo kọ̀. Mo ní omi tó wà nínú ìdánwò kì í jáde.

Ẹ̀yìn èyí ni nǹkan yí padà. Pépà kìíní ń sọ̀ kalẹ̀. Pépà kejì ń gòkè, mo ní kò burú, bóyá òun ló mọ̀ jù, àwọn ọmọ kan wà tí ìṣirò kì í yé tí wọ́n sì mọ Bíbélì. Nígbà tó yá, pépà kejì náà sọ̀ kalẹ̀. Eruku aláwọ̀ ilẹ̀ bo yanrìn inú gíláàsì, bí ilé tí wọ́n ti kó kúrò. Lọ́jọ́ kan báyìí mo kán oògùn sí ìgò méjèèjì, mo dúró, mo sì fi wé káàdì. Òdo. Òdo.

Ọmọ mi, mo sọ fún ọ pé fóònù mi bọ́ sómi, pé kò lè ya fọ́tò mọ́, ìdí nìyẹn tí o ò fi rí ìkankan. Fóònù kò bọ́ sómi. Inú àpótí aṣọ ni mo fi í pamọ́ sí. N kò lè ya òdo ránṣẹ́ sí ọ nígbà tí Àkàndé ń retí ìparí oṣù. Sùnmọ́nù wọlé bá mi nídìí ẹ̀, ó tilẹ̀ bọ́ bàtà, ó wo ìgò, ó wo káàdì, kò sọ nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ àwọn tó ń lu mọ́tò lọ́dọ̀ rẹ̀ ti ń bi mí bí akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe ń ṣe sí. Mo gbààwẹ̀. Mo tan àbẹ́là sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì. Nígbà tí n kò rí ìyàtọ̀, mo wọkọ̀ dé Ìyànà Ìbà, mo ra edé tó tóbi jù lórí àtẹ, mo gún un nínú odó kékeré kó lè tètè yé omi náà, n kò fi ata sí i, n kò fi àlùbọ́sà sí i, mo dà á sínú gíláàsì, mo ní kó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí Tófúnmi. Omi rú díẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í nírètí. Nígbà tí mo tún dán an wò láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òdo ni.

Àárọ̀ yẹn gan-an ni Dókítà Ayọ̀wálé dé, láìròtẹ́lẹ̀, pé àwọn ń gba ọ̀nà Ọ̀tọ̀ kọjá ni, àwọn fẹ́ fojú rí iṣẹ́ rẹ kí àwọn tó san ìyókù. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọ́n bọ́ bàtà láìjẹ́ pé mo sọ. Wọ́n mú ìgò tiwọn jáde. Àwọn náà ní irú ẹ̀ nílé wọn, mo rí i pé ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n. Wọ́n bu omi, wọ́n kán oògùn, wọ́n gbé e sójú oòrùn lẹ́nu fèrèsé. Mo mọ ohun tí wọ́n máa rí.

N kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹni tí mo lè bí, orúnkún burúkú yẹn sì ń ké. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kì í ṣe bí omi yìí ṣe ń ṣe nìyí, pé ó ti gba mẹ́jọ rí, ẹlẹ́rìí wà, gbogbo ìjọ ló dúpẹ́ rẹ̀. Mo ní ọmọ mi kò jẹ̀bi, òun ti ṣe tirẹ̀ tán kó tó lọ, bóyá èmi ni n kò mọ̀ ọ́n tọ́. Mo ní kí wọ́n fún omi náà ní sáà kan sí i, kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọ mi lọ jókòó sí báńkì nítorí òdo.

Dókítà fa mí dìde, wọ́n gbọn iyanrìn aṣọ mi nù, wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n wá ṣàlàyé. Wọ́n ní nọ́ńbà yẹn kì í ṣe máàkì. Oró ni wọ́n fi ń wọ̀n. Wọ́n ní edé tó jẹrà ló ń tú oró sínú omi, àti pé nínú ihò àwọn òkúta yẹn ni àwọn ẹ̀dá tíntìn-tíntìn tí ojú kò lè rí ń gbé, àwọn ló ń jẹ oró náà. Lákọ̀ọ́kọ́ àwọn ẹ̀dá náà kò pọ̀, oró pọ̀ jù wọ́n lọ. Wọ́n wá ń bí sí i, apá kan ń jẹ oró ti pépà kìíní, ó ń di ti pépà kejì, apá kejì ń jẹ ìyẹn náà, títí kò fi ṣẹ́ kù. Ìdí tí òkúta náà fi jẹ́ òkúta ààyè nìyẹn. Wọ́n ní bí ó bá ti di òdo, ẹja lè gbé ibẹ̀. Eruku orí yanrìn yẹn náà, wọ́n ní gbogbo irú omi bẹ́ẹ̀ ló ń ní in, á lọ.

Mo jókòó síbẹ̀. Mo ń ro gbogbo ọjọ́ tí mo gbé ìgò oró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi tí mo ń rẹ́rìn-ín. Mo ń ro ìdúpẹ́ tí a ṣe fún oró pẹ̀lú agogo. Mo ń ro ife omi tí Ìyá Àdúrà fẹ́ fi wẹ̀, Ọlọ́run ló kó obìnrin yẹn yọ.

Mo wá jẹ́wọ́ edé tí mo gún, torí kò yẹ kí n fi pamọ́ fún dókítà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Wọ́n ní ohun tí àwọn fúnra àwọn ìbá ní kí n ṣe nìyẹn, kí a fún omi náà ní oró tuntun ká wò ó bóyá yóò jẹ ẹ́ tán kí ilẹ̀ tó mọ́, ó sì ti jẹ ẹ́ tán. Wọ́n yí padà, wọ́n wo bí o ṣe to òkúta yẹn fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ kan, mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́: “Bàbá, ọmọ yín mọṣẹ́.”

Wọ́n gbà á, Tófúnmi. Wọ́n tún ń kọ́ ilé ìtọ́jú kejì ní Okokomaiko, wọ́n ní ìwọ náà ni yóò ṣe tibẹ̀, pé kí tibẹ̀ tóbi ju èyí lọ. Wọ́n fẹ́ pè ọ́ lójú ẹsẹ̀, fóònù ti wà lọ́wọ́ wọn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi, kí o gbọ́ ọ láti ọwọ́ bàbá rẹ, wọ́n sì gbà. Ìdí kejì tí mo fi kọ lẹ́tà nìyẹn.

Àkàndé ni mo kọ́kọ́ pè. Ó bi mí pé kí ni èsì omi náà. Mo ní òdo. Ó ní ó ṣe òun láàánú, ṣé kí òun sọ fún àwọn ará báńkì pé o ń bọ̀. Mo ní òdo, Àkàndé, nínú pépà méjèèjì, kó gbé àga rẹ̀ tó ń yí fún ọmọ ẹlòmíì, mo sì pa fóònù. Ó ṣì ń pè mí, n kò tíì gbé e, jẹ́ kó máa rò ó wò ná.

Ní ọjọ́ Ìsinmi mo tún jáde síwájú ìjọ. Mo ní ìdúpẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ti òdodo, kí Ọlọ́run fi orí jì wá, èyí ni ojúlówó, omi ọmọ mi ti gba òdo. Wọ́n wojú ara wọn. Mo ṣàlàyé bí dókítà ṣe ṣàlàyé, wọ́n kígbe halelúyà, Ìyá Àdúrà ló sì pariwo jù. Nígbà tí Sùnmọ́nù gbọ́, ó wá bá mi, ó rọra bọ́ bàtà, ó ní Abọ́lá ọmọ òun gba òdo nínú ìṣirò ní táàmù yìí, ṣé bóyá irú òdo rere yẹn náà ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n mo ní rárá, omi nìkan ni.

Wá ní Sátidé, kí ìwọ fúnra rẹ fi ẹja àkọ́kọ́ sí i, n kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe é ṣáájú rẹ. Kí o tó wá, jọ̀ọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Epo jẹnẹrétọ̀ ti tán, ògiri ẹ̀yìn kùlé ń wá sìmẹ́ńtì, sùtánà mi ti ní àbàwọ́n omi iyọ̀ níwájú, n kò sì fẹ́ kí Dókítà bá mi nínú rẹ̀. Fi í ránṣẹ́ láàárọ̀, kí ẹ̀rọ Sherifat lè rí àyè ronú.

Inú mi dùn sí ọ, Àyọ̀ká. Mo lu agogo fún ọmọ ọlọ́mọ títí irun mi fi funfun, mo gbọ́ máàkì wọn gbogbo, n kò sì gbọ́ èyí tó dùn mọ́ mi tó tìrẹ rí. Wàá ṣe é láṣeyọrí, ọwọ́ rẹ kò ní wá iṣẹ́ tì, ilé tí o bá gbé òkun wọ̀, àlàáfíà ni yóò bá a wọ̀ ọ́. Gbogbo oró tí ayé bá dà síwájú rẹ, kí Olúwa jẹ ẹ́ tán kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n wọ̀n ọ́n lára rẹ, kí wọ́n bá òdo.

Èmi ni bàbá rẹ,
Isaiah Ọládélé